Wáyà Tí Mo Jù Sí Gọ́tà

Ṣẹ́ẹ̀dì mi, Ìgandò.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àílà.

Ràfíátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn. Fóònù mi ò bàjẹ́, káàdì sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, n ò kọ̀wé sí ọ rí; ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ nítorí rẹ ni èyí tí mo kọ sí tíṣà rẹ pé ibà ń ṣe ọ́, kó má nà ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ò parọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò gba ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti ọjọ́ Ajé. Tí o bá ti ní "Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ sà," màá bi ọ́ bóyá o ti jẹun, màá sì gé fóònù. Ó yẹ kó ti yà ọ́ lẹ́nu.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ìnáwó yàrá tí o gbà sí Ìbàdàn. Ọlọ́hun á jẹ́ kó tura fún ọ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pe ìyá rẹ, o ò mọ̀ pé lọ́ọ̀dù ló fi fóònù sí. Èmi àti Tàjù àbúrò rẹ jókòó níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ la gbọ́. O ní ọ̀gá tuntun yín fẹ́ kí o máa de ẹ́ńjìnnì iná mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tí o mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. O ní o ti bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ́ sídìí ìwé, kí o máa kọ orúkọ kọ́sítọ́mà. Ìyá rẹ ní kí ló dé. O ní, "Màámi, ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ iná. Ọwọ́ tó jó àbúrò mi ò gbọdọ̀ jó ọmọ ọlọ́mọ." O ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni o máa fún ọ̀gá náà lésì.

Nítorí ọjọ́ Ajé yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Lọ́la ni màá gbé e fún dírẹ́bà kan ní gáréèjì Ìyànà Ìpájà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ lórí kẹ̀kẹ́ Tàjù tó jóná, màá sì sọ ọ́, n ò ní sá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn wá. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ ìyẹn, o ò ní ka ìyókù, ìyókù náà sì máa wúlò fún ọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Fara balẹ̀ fún mi, àbúrò ìyá mi tó padà wá.

Èkíní, má fi ìpàrà mọ iná.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ iná mọ́tò, ní àdúgbò Command, a kì í lo mítà. Ta ní ń jẹ́ mítà? Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà lẹ́nu wáyà, a ó fi ẹnu rẹ̀ ha bọ́dì mọ́tò. Tó bá ta pàrà, iná wà. Tí kò bá ta, kò sí. Mo fẹ́ràn ìpàrà yẹn. Tí kọ́sítọ́mà bá wà nítòsí, màá ha á lẹ́ẹ̀mẹta kó lè mọ̀ pé mo gbọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé mọ́tò wá, ọ̀kan lára àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ ní ọpọlọ nínú, èyí tí àwa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì. Mo ha á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ta. Ni mọ́tò bá dákẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi wọ́ ọ lọ. Ọ̀gá mi fi fáńbẹ́ẹ̀tì nà mí. Èyí ò dùn mí. Tíṣà yẹn ló dùn mí. Ó jókòó sórí táyà, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò bú mi, kò bú ọ̀gá mi. Ó kàn ń wo mọ́tò náà ni.

Kẹ̀kẹ́ tí o máa ṣe náà ní ọpọlọ, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Iná mọ́tò jẹ́ fóòtì méjìlá, a fi ń ṣeré. Iná bátìrì kẹ̀kẹ́ yẹn lé ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Mítà ni kí o fi wò ó, ní gbogbo ìgbà, kódà tó bá jẹ́ pé ìwọ gan-an lo so ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ń bẹ̀rù iná, ní bẹ́ẹ̀ ni, o ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwa tí a ò bẹ̀rù rẹ̀, ẹ wo ìka wa.

Èkejì, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù, ojú ń kán mi. Mo ń di nọ́ọ̀tì kan nídìí ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì lára bọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nọ́ọ̀tì náà ò wọlé tààrà, mo gun sípánà. Ó fọ́ eyín rẹ̀ nínú. Kí ni mo ṣe? Mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fi girísì kùn ún lójú, mo gba owó mi. Ẹ̀rọ náà já bọ́ lójú títì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n padà wá, mo búra pé mo dì í dáadáa. Mo fi Ọlọ́hun búra o, Ràfíátù. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ṣe kọ́kọ́ rọrùn lẹ́nu mi.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó di ẹ́ńjìnnì mú nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í le tán lọ́jọ́ kan. Ìwọ lo kọ́ mi ní èyí. O ní yóò jókòó, yóò sún díẹ̀, pé tí a ò bá padà dì í, ẹ́ńjìnnì á máa yí nínú ihò, á sì máa fa wáyà rẹ̀ ya. Jẹ́ kí gbogbo kọ́sítọ́mà padà wá lọ́jọ́ kẹta. Tí wọ́n bá ń kùn, jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ẹ̀kẹta. Háà, ẹ̀kẹta nìyí.

O mọ̀ pé ní gbogbo Ìgandò, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Múráínà. Dáírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí. "Bàbá Dáírẹ́ẹ̀tì, ẹ wá bá mi wo mọ́tò yìí jàre!" Bí ẹní fi mí jẹ oyè ló ń ṣe mí. Tí suíìsì bá kú, màá yọ ọ́ dànù, màá so wáyà méjèèjì pọ̀, dáírẹ́ẹ̀tì. Tí fíùsì bá ń já, èmi ò ní wá ohun tó ń já a. Màá yọ ọ́, màá fi wáyà dí ojú rẹ̀, dáírẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò á dún, onímọ́tò á yọ̀, á ní òun ti lọ sọ́dọ̀ rewáyà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rí i ṣe. Mo ti fi bí ọgbọ̀n ọdún jẹun lórí rẹ̀. Òun ni mo fi rán ọ nílé ìwé.

Nígbà tí o ti póòlì dé, o dúró lẹ́nu ṣẹ́ẹ̀dì yìí, o ní, "Bàbá, fíùsì tó ń já kì í ṣe ọ̀tá yín. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ." Mo ní, "Kí ló ń sọ? Ṣé Lárúbáwá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?" Gbogbo àwọn mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. O rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ.

Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọdún kẹta rèé. Tàjù ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀gùn, ọ̀nà ò dára, ọ̀kadà ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere, ó bẹ̀ ọ́ kí o fi ẹ́ńjìnnì iná sí i. Ọjọ́ méjì lo fi ṣe é, lórí ẹní, nínú àgbàlá wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wò ọ́. O yọ ọ̀pá pẹ́dà àtijọ́, o nu ihò rẹ̀ bí ẹní ń nu abọ́ oúnjẹ, o ti ẹ́ńjìnnì wọ̀ ọ́, o dì í. O fi òòfà kékeré sí sípóòkì kí ẹ́ńjìnnì lè mọ bí táyà ṣe ń sáré tó. O so bíréèkì kó lè máa pa ẹ́ńjìnnì tó bá ti tẹ̀ ẹ́. Wáyà méjì lo fà láti ẹnu bátìrì, méjèèjì ló padà sẹ́nu bátìrì, ìkankan ò kan irin. O fi rọ́bà bò wọ́n. Níbi tí wáyà ńlá ti súnmọ́ pẹ́dà, o fi kílíìpù há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí pẹ́dà má baà ha á. O wá fi fíùsì sẹ́nu bátìrì, o so òmíràn sínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó pé bóyá wọ́n á nílò rẹ̀.

Mo ń wò ọ́, inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi díẹ̀, nítorí ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kò sì tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. N ò sọ ọ́ nígbà yẹn. Mò ń sọ ọ́ báyìí.

O kìlọ̀ fún Tàjù: "Tí o bá fẹ́ gun òkè, sọ jíà kalẹ̀. Tí o ò bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fipá fa iná, fíùsì á já." Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti gbọ́." Ta ló gbọ́? Ó já lẹ́ẹ̀kan. O fi tuntun sí i, o tún kìlọ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, o ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní Ìyànà Ìpájà. Tàjù ti kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ṣẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó. Ó ní, "Bàbá, ó tún ti já o. Mo ti pẹ́, hẹ́ẹ̀dì máa bú mi. Ẹ bá mi wò ó." Mo ní kó pè ọ́. Ó pè ọ́, o ò gbé e. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, mo rí fíùsì tí o so síbẹ̀. Mo rí i, Àbẹ̀kẹ́. Mo dì í mú lọ́wọ́ báyìí. Mo ní kí ni fíùsì tún fẹ́ ṣe, ṣebí yóò tún já ni. Mo gé wáyà bàbà, mo ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, mo tì í sí ipò fíùsì. Mo ní, "Dáírẹ́ẹ̀tì! Máa lọ. Kò ní já mọ́ láyé."

Kò sì já mọ́ lóòótọ́.

Ó kù. Họ́ọ̀nù kan bá ẹ́ńjìnnì náà wá tí o ò tí ì so. Tàjù ní, "Bàbá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nídìí ẹ̀, ẹ bá mi so họ́ọ̀nù, àwọn Márúwá ò rí mi." Ìwọ mọ bí àwa rewáyà ṣe ń so họ́ọ̀nù mọ́tò. Wáyà kan ṣoṣo là ń fà. Bọ́dì mọ́tò ló ń dá iná padà. Èyí ni ọ̀gá mi kọ́ mi, èyí ni mo kọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. N ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo so ẹsẹ̀ bátìrì, ibi tí iná ń gbà padà sínú rẹ̀, mọ́ irin kẹ̀kẹ́. Irin tí o sá fún tọwọ́tẹsẹ̀, èmi ni mo fi iná sí i lára. Mo sì tú kílíìpù ẹ̀bá pẹ́dà kí n lè rọ́nà fa wáyà họ́ọ̀nù kọjá. N ò dá a padà. Tàjù ti gorí ìjókòó, ó ń tẹ họ́ọ̀nù, pín-ín-pín, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, pẹ́dà ti ha wáyà náà dé inú. Ó kan irin. Fíùsì ni ì bá já, kí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Kò sí fíùsì. Tàjù ń bọ̀ láti ilé ìwé, oòrùn ṣì mú, kò tí ì jìnnà sí géètì wọn. Ìwọ mọ àwọn ará Ìjẹ̀gùn, iná páìpù epo tó jó wọn níjọ́sí ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n; tí wọ́n bá rí èéfín, wọ́n á kọ́kọ́ sá ná. Wọ́n sá. Ṣòkòtò rẹ̀ ti há sí ṣéènì, kò rí kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni fọkanáísà kan ló padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń bu yẹ̀pẹ̀ dà á lára. Ọlọ́hun á bá mi san án fún ọkùnrin yẹn.

O mọ ìyókù. Ṣùgbọ́n èyí tí o ò mọ̀ nìyí.

Wọ́n gbé eérú kẹ̀kẹ́ náà wá sí àgbàlá kí o tó dé láti Ìyànà Ìpájà. Ìyá rẹ ti tẹ̀ lé Tàjù lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo rí wáyà mi, bàbà tí mo ká ní ìlọ́po mẹ́ta, níbi tí fíùsì yẹ kó wà. Gbogbo nǹkan ti yọ́, òun ò yọ́. Mo fi púláyà fà á yọ, mo jù ú sí gọ́tà iwájú ilé. Mo já họ́ọ̀nù náà àti ẹsẹ̀ wáyà tí mo so mọ́ irin. Mo lọ fọwọ́. Ìgbà tí o sáré wọlé, ọwọ́ mi ṣì tutù.

O kúnlẹ̀ ti eérú yẹn, o ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀. O rí ibi tí wáyà ti lẹ̀ mọ́ irin. O ní, "Èmi ni mo gbé e gba ibí. Kílíìpù mi ló tú." Lẹ́yìn náà o ní, "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí fíùsì ò já? Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó." O gbójú sókè wò mí. Mo wò ọ́ lójú, àwọn ará ilé ti pé, àwọn aládùúgbò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Mo dárí jì ọ́."

Mo dárí jì ọ́! Níwájú gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní, "Bàbá yìí mà ní sùúrù o." Ẹnìkan tilẹ̀ ṣàdúà fún mi. O dojú bolẹ̀, o sunkún bí ọmọdé, mo sì fọwọ́ pa ọ́ lórí. Ọwọ́ kan náà ni.

Tàjù mọ̀, ṣebí iwájú rẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tó lè sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ní, "Bò mí láṣìírí." Ó di ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, kì í tú àṣírí bàbá rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo sì fi ẹ̀kọ́ náà dè é mọ́lẹ̀ bí ẹní de àgbò.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọdún iléyá lo ń kúnlẹ̀ fún Tàjù. Ẹ̀gbọ́n ń kúnlẹ̀ fún àbúrò. O ń ní, "Tàjù, torí Ọlọ́hun, forí jì mí," òun á yí ojú sí ògiri. O rò pé ó ń bínú sí ọ. Kò bínú sí ọ rí, ojú ló ń tì í. Mo máa ń wà níbẹ̀. Màá máa gé ẹran.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ìyá rẹ gbé fóònù sílẹ̀, Tàjù dìde, ó wọ yàrá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tẹ igi tó fi ń rìn láti ọjọ́ iná yẹn wá sí ṣẹ́ẹ̀dì. O mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo bò yín láṣìírí, mo fi ara mi san án, kò burú. Ṣé iṣẹ́ Àǹtí mi náà máa bá a lọ ni? Ẹ sọ fún un, tàbí kí n sọ fún un." Mo fẹ́ bú u. Ẹnu mi ti yà. Mo rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lórí igi yẹn, mo pa á dé.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ, lánàá. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ tán, kò pariwo, kò ju àwo. Ó ní, "Ìwọ lo dárí jì í?" Àbẹ̀kẹ́, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò pè mí ní "ìwọ" rí. Nínú ìjà, nínú ebi, "ẹ̀yin" ni. Lánàá, ó pè mí ní "ìwọ". Láti àná, oúnjẹ ń wá, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo ń jẹ ẹ́ tí mi ò mọ ohun tí mò ń jẹ.

N ò mọ iye tí mo kà dé mọ́ nínú ìmọ̀ràn. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù bó ṣe ń bọ̀.

Tí o bá ń gba iná sí bátìrì, má fi í sílẹ̀ lọ kírun, má fi í sílẹ̀ lọ jẹun. Má gbé e sẹ́nu ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde. Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Bàbá ni mí, ẹnu mi ò lè dákẹ́.

Tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o yọ fíùsì nítorí pé kọ́sítọ́mà ń kánjú, kọ̀. Ṣe é pẹ̀lẹ́, fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" sí i, ṣùgbọ́n kọ̀. Tí ó bá lé ọ, padà wálé, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ.

Má bo àgbà láṣìírí lórí ohun tó lè jó ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn létí, kò sì jọ bí a ṣe kọ́ yín nílé. Èmi tí mo kọ́ yín ni mo ń yí i padà. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ọmọ mi. Èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ náà.

Tí ìwọ náà bá ṣe àṣìṣe, tí o sì máa ṣe é, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kìíní ló rọrùn jù. Lọ́jọ́ kejì, o ti ní láti ṣàlàyé ìdí tí o ò fi sọ ọ́ lánàá. Lọ́dún kẹta, ìwé ló máa ń dà.

N ò ní kí o dárí jì mí. Ẹni tó ti dárí ji aláìṣẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹnu wo ló fẹ́ fi tọrọ tirẹ̀? Tí o bá fẹ́ pe ìyá rẹ, ó ń retí rẹ. Tí o bá fẹ́ pe Tàjù, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí ó ti gbé mì tipẹ́. Tí o bá wálé lọ́dún iléyá, má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí o ò bá wá, màá mọ ìdí rẹ̀. Jímọ̀ọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, màá dúró níwájú àwọn tó gbọ́ èyí tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, màá sì sọ èyí. Tàjù ní òun máa tẹ̀ lé mi. Mo ní kó má wàhálà, ó ní òun máa wá.

Lọ́jọ́ Ajé, má gba ìdí ìwé. Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ bóyá o ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ̀kẹ́ rí, sọ fún un pé o ti ṣe ẹyọ kan, ní Ìgandò, fún àbúrò rẹ. Tó bá bi ọ́ báwo ló ṣe rí, ní ó dára. Òótọ́ ni. Gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló le, gbogbo wáyà rẹ̀ ló wà ní àyè rẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan lára rẹ̀ títí tí èmi fi fọwọ́ kàn án.

Bàbá rẹ,
Múráínà.